Bí a ṣe ń to ilé-iṣẹ́ gàrí ní abala-abala, láti orí ẹ́ńjìnnì dé orí kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ ohun tó ń wá nínú rẹ̀: kó funfun, kó kan, kó rí wínníwínní, kó sì gbẹ dáadáa. Àmọ́ ìdààmú tó ń bá àwọn tó ń ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ bá dákú kò hàn sí ẹni tó ń rà á. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gàrí tí mo ti wọ̀, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí kan apá Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ, ohun kan náà ni mò ń bá: ẹ́ńjìnnì kan, ṣáàfù gígùn kan tó gba abẹ́ gbogbo ẹ̀rọ kọjá, wẹ́dà sì ti jó gbogbo rẹ̀ mọ́ ara wọn. Bíárìn kan tí ṣáàfù ń yí lórí rẹ̀ bá jẹ, gbogbo ilé dúró. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú kò ní dúró de mẹkáníìkì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti ń dúdú nínú.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tàbí tó fẹ́ tún tirẹ̀ tò ní abala-abala, kí ẹ̀rọ kan lè kú kí èkejì máa ṣiṣẹ́ lọ, kí a lè yọ ọ̀kan kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́, nítorí náà a ó mú ìṣirò orí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ibi tí abala méjì ti pàdé ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ̀rọ wà lọ́jà. Àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀rọ kan àti èkejì ni ẹ kò ní rí rà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde

Ẹ má tíì pe wẹ́dà. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀léra: bíbó, fífọ̀, rírin, kíkan nínú àpò, títẹ̀ lábẹ́ jáàkì, kíkù, díndín, kíkù ìkẹyìn, wíwọ̀n. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó ń wọlé síbẹ̀, ohun tó ń jáde, ohun tí wọ́n fi ń gbé e, àti ẹni tó ń gbé e. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá tó ń dín gàrí wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́. Àwọn ló mọ̀ pé bí a kò bá tẹ ẹ̀gẹ́ náà gbẹ tó lábẹ́ jáàkì, ṣe ni yóò máa di kókó nínú agbada, igi ìdáná á sì tán kíákíá. Ọ̀rọ̀ báyìí kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn láàárín abala méjì ló jẹ́: jáàkì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gẹ́ tó gbẹ dé ìwọ̀n kan lé agbada lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ohun tó máa yí padà, kí ẹ gé e síbẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni kí a gé iṣẹ́ bó ṣe ń tẹ̀léra, iṣẹ́ kan, abala kan. Kì í fìgbà gbogbo dára bẹ́ẹ̀. Ní 1972, David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ṣàlàyé fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n má kàn pín ètò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀léra, pé kí wọ́n kọ́kọ́ to àwọn ìpinnu tó le àti èyí tó ṣeé ṣe kó yí padà jọ, kí abala kọ̀ọ̀kan sì gbé ọ̀kan nínú wọn pamọ́ sínú ara rẹ̀, kí ìyókù má mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ìpinnu yẹn bá wá yí padà, abala kan ṣoṣo la máa tún ṣe.

Ẹ gbé e wá sí ilé gàrí. Kí ló máa yí padà? Agbára tó ń yí ẹ̀rọ ni àkọ́kọ́: lónìí iná Nẹ́pà, lọ́la epo bẹntiróòlù, lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá oòrùn. Páànù oníhò tó ń rin ẹ̀gẹ́ á kú lójú. Irin tí omi ẹ̀gẹ́ ń kàn á dípẹtà, torí omi náà kan, ó sì ń jẹ irin. Owó ọjà kò dúró sójú kan.

Nítorí náà ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ ìrin jẹ́ abala méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan ni wọ́n jọ ń ṣe. Páànù ìrin jẹ́ abala lọ́tọ̀, tí a fi bóòtù dè mọ́ ìlù rẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ ń kàn, ẹ fi irin stainless, èyí tí kì í tètè dípẹtà, ṣe é kó ṣeé yọ; férémù tó gbé e dúró lè jẹ́ irin lásán tí a kùn lọ́dà. Ẹni tó bá fi stainless ṣe férémù ń náwó dànù, ẹni tó sì fi irin lásán ṣe ọ̀fun ẹ̀rọ ń fi ìpẹtà sínú oúnjẹ ẹlòmíràn. Èyí kejì burú ju àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe àdéhùn ojú ìsopọ̀ kí ẹ tó gé irin

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò jù.

Ẹni tó bá dúró ní Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Benin ti pàdé, á rí ọkọ̀ akóńténà tó ń kọjá láìdáwọ́ dúró. Ohun tó wà nínú ọ̀kan kò jọ ti èkejì, síbẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin àti tírélà lè gbé gbogbo wọn. Ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè àti nísàlẹ̀ ni àṣírí rẹ̀: ihò kan náà, ìrísí kan náà. Nígbà tí Malcom McLean, oníṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù kan, kó àpótí 58 sínú ọkọ̀ ojú omi kan ní Amẹ́ríkà ní 1956, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìgbà tí ayé fẹnu kò lórí ẹsẹ̀ bàtà 20 àti 40, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí ìgun yẹn, ni òwò náà tó gbòòrò. Àdéhùn náà kò sọ ohun tí èèyàn lè kó sínú àpótí. Ohun tó sọ ni bí a ṣe máa gbá a mú.

Ẹ kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo fún ilé yín. Àwọn ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí.

Bóòtù ìdè. Ẹ mú ẹyọ kan fún gbogbo ìjókòó ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn M12, ìyẹn bóòtù tó nípọn tó mìlímítà 12, torí sípánà 19 ló ń tú u, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò ní sípánà 19. Lẹ́yìn náà ẹ gé páànù nínípọn kan, ẹ lu ihò mẹ́rin sí i. Àwòṣe nìyẹn. Ìjókòó ẹ̀rọ yòówù tí ẹ bá fẹ́ ṣe, inú ihò àwòṣe yẹn ni kí wọ́n ti lù ú, kì í ṣe kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n lákọ̀tun. Àwọn ahunṣọ aṣọ òkè mọ èyí dáadáa: tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, fífẹ̀ gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí a fi lè tú èyí tó jóná kí a rán òmíràn sí i. Ihò tó fi díẹ̀ yà sọ́tùn-ún ti ba gbogbo àdéhùn jẹ́.

Ṣáàfù àti bíárìn. Ṣáàfù mìlímítà 25, ilé bíárìn UCP205, níbi gbogbo. Bíárìn ìpààrọ̀ méjì nínú àpótí á wá tó fún ẹ̀rọ yòówù nínú ilé.

Ìyára. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ́ sórí ìwé pé "ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin márùn-ún." Ìyẹn kò tó. Ohun tó kan ẹ̀rọ ìrin ni iye ìgbà tí ṣáàfù tirẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Kò kàn án bóyá bẹntiróòlù ló ń yí i tàbí iná. Ẹ jẹ́ ká fi 720 ṣe àpẹẹrẹ, kí púlì ara ẹ̀rọ ìrin, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń ká, jẹ́ ínǹṣì 10, kó má sì yí padà láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì wá ni kó wá púlì tirẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi ìyára ẹ́ńjìnnì ṣe ìlọ́po púlì rẹ̀, ẹ pín in sí 10. Mọ́tò oníná tó ń yí 1440 á lo púlì ínǹṣì 5, ó di 720. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ní gíà tó dín 3600 kù sí ìlàjì, ìyẹn 1800, á lo ínǹṣì 4, ó di 720. Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ tó ń yí 650 á lo ínǹṣì 11, ó di 715, kò sí ẹ̀gẹ́ tó máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jókòó síbì kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ìrin kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kí bẹ́líìtì lè bá gbogbo púlì wọ̀nyí mu, kí ihò ìjókòó ẹ́ńjìnnì gùn bí ojú àlà dípò kó rí roboto, kí a lè sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn títí bẹ́líìtì á fi le. Bẹ́líìtì oríṣi tí wọ́n ń pè ní A, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ló bá púlì kékeré mu. Oríṣi B nípọn jù, kì í fẹ́ ká púlì ínǹṣì 4. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ń sọ gígùn inú rẹ̀ ní ínǹṣì: A60 jẹ́ ínǹṣì 60. Ẹ kọ ọ́ sára férémù pẹ̀lú ọ̀dà, ọ̀kan fún irú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan.

Gíga. Kí ẹnu tí ẹ̀gẹ́ rírin ń gbà jáde ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sílẹ̀, kí rọ́bà tí ẹ ń lò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ohun kékeré ni, àmọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ló ń sọ fún un.

Wẹ́dà tó dáa fúnra rẹ̀ á fẹ́ yẹ àdéhùn yìí sílẹ̀, kì í ṣe torí pé ó burú. Á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kúkú jó o pọ̀, kò ní mì mọ́ láéláé." Ẹ dá a lóhùn pé, "Wẹ́dà, bóòtù ni kí o fi dè é, wo inú ìwé." Òótọ́ ni pé èyí tó jó pọ̀ kò ní mì. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ yọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ á di ti ẹ̀rọ ìgérin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: iná

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní súìṣì àti breaker tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí wáyà bá ṣẹ́, kí wáyà tó jóná lára ọ̀kan má pa ìyókù. Ẹ má fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nínú ilé bẹ́ mọ́tò ńlá. Amp 13 ni agbára rẹ̀, mọ́tò tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sì ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ju bó ṣe ń fà nígbà tó bá ti dúró dáadáa. Ẹ ra púlọ́ọ̀gì ilé-iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù fún iná fóòtì 230. Aláwọ̀ pupa wà fún iná oníwáyà mẹ́ta tó jẹ́ fóòtì 400. Búlúù kì í wọ inú pupa. Ojú ìsopọ̀ tó dára jù nìyẹn: ó kọ àṣìṣe fúnra rẹ̀, kì í dúró dìgbà tí ẹnì kan bá rántí. Kí ẹni tó mọ̀ nípa iná sì so wáyà ilẹ̀ mọ́ férémù kọ̀ọ̀kan, torí ibi tí omi ti ń dà sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni gbogbo èyí wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán abala kọ̀ọ̀kan wò lóun nìkan

Kí ẹ tó fi bẹ́líìtì sí i, ẹ fọwọ́ yí ẹ̀rọ ìrin. Bó bá ń ha, ẹ ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ yí i lófìfo, kí ẹ fọwọ́ kan ilé bíárìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Lẹ́yìn náà rọ́bà ẹ̀gẹ́ kan. Ẹ má so abala méjì tí ẹ kò tíì dán wò pọ̀, torí bí wọ́n bá jọ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kọ̀ǹpútà

Ìwé ìṣirò ilé gàrí kì í pẹ́ dojú rú: ẹ̀gẹ́ mélòó ló wọlé, gàrí mélòó ló jáde, ta ló gbà á. Àwọn ọmọ tó lè kọ ètò kékeré fún yín kò jìnnà. Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Àgọ́-Ìwòyè, Abraham Adesanya Polytechnic sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àmọ́ bí ẹ bá sọ fún ọmọ náà pé "ṣe gbogbo rẹ̀ fún wa," á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Ọjọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó lọ sìnrú ìlú, ẹ̀yin àti fáìlì náà lẹ máa wà.

Ẹ pín in sí mẹ́rin: èyí tó ń wọ̀n, èyí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, èyí tó ń ṣírò, èyí tó ń fi èsì hàn lórí fóònù. Àdéhùn láàárín wọn jẹ́ ìlà kan ṣoṣo bí èyí:

2025-06-12,A017,ririn,86.5

Ọjọ́, nọ́ńbà ìdì ẹ̀gẹ́, orúkọ iṣẹ́, ìwọ̀n ní kílò. Ọdún ló ṣáájú nínú ọjọ́ kí ìlà lè tò fúnra rẹ̀ láti àtijọ́ dé tuntun. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ iṣẹ́ níbí, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù má baà kọ ọ́ ní oríṣi méjì. Fáìlì irú èyí, ètò ìṣirò yòówù tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló lè ṣí i.

Òṣùwọ̀n náà lè jẹ́ load cell, ohun tó ń mọ ìwúwo, tó gba orí HX711, pátákó kékeré tó ń sọ ìwúwo náà di nọ́ńbà, dé ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò wọ́n. Bó bá bàjẹ́, ẹnì kan lè máa wo òṣùwọ̀n aláago kó sì fọwọ́ tẹ ìlà náà. Èyí tó ń ṣírò kò ní mọ ìyàtọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí abala ìṣirò kò fi gbọ́dọ̀ bá òṣùwọ̀n sọ̀rọ̀ tààrà. Inú àkọsílẹ̀ nìkan ni kó ti máa kà.

Ọ̀rọ̀ kóńgò wá ńkọ́? Kóńgò la fi ń ta gàrí lọ́jà, kóńgò ọjà kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn. Ẹ jẹ́ kí kílò wà níbi gbogbo, kí yíyí kílò sí kóńgò wà níbì kan péré, ní apá títà. Bí oníbàárà yín bá yí òṣùwọ̀n padà, nọ́ńbà kan lẹ máa tún kọ. Ohun tí Parnas ń wí gan-an nìyí, inú ilé gàrí ló kàn wà.

Ẹ fi ìlà àtọwọ́dá mẹ́wàá dán ìṣirò náà wò kí ẹ tó fún un ní èyí tòótọ́, ìlà tí ẹ ti fọwọ́ ṣírò àpapọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan tó burú sínú rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀: ìdì kan tí gàrí rẹ̀ wúwo ju ẹ̀gẹ́ tó ti wá lọ. Bí ètò náà bá gbà á wọlé láìsọ̀rọ̀, ẹ dá a padà fún ọmọ náà.

Kí ilé-iṣẹ́ IBM tó gbé ìdílé kọ̀ǹpútà System/360 jáde ní 1964, ẹni tó bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà kékeré bọ́ sórí ńlá sábà máa ń tún ètò rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àdéhùn kan ṣoṣo lélẹ̀ lórí àṣẹ tí gbogbo ẹ̀rọ inú ìdílé náà máa gbọ́, wàhálà yẹn sì rọlẹ̀. Ìlà kan yín ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ gé

Gbogbo ojú ìsopọ̀ ní owó tirẹ̀. Bóòtù lè tú, ẹnu lè jò, ìlà lè ṣì. Nítorí náà ẹ má gé ibi tí kò ní yí padà. Agbada, ààrò àti ọ̀nà èéfín: ẹ kọ́ wọn pọ̀ ní abala kan, torí ooru ló so wọ́n. Ẹni tó bá pín wọn kó lè máa gbé agbada kiri á rí i pé ooru ń sá gba gbogbo àlàfo, èéfín á sì máa lu ìyá tó ń dín in lójú. Ìlù ìrin àti ṣáàfù rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan, kí ó lè yí láìgbọ̀n.

Ohun kan tún wà tí gàrí Ìjẹ̀bú ní tí ọ̀pọ̀ gàrí kò ní. Àwọn ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ rírin fi ń kan nínú àpò ti ya apá òwúrọ̀ iṣẹ́ náà kúrò lára apá ìkẹyìn. Bí agbada bá bàjẹ́ lónìí, rírin ṣì lè máa lọ, àpò á kàn máa pọ̀ sí i ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń rin ín tí wọ́n sì ń dín in lọ́jọ́ kan náà, kò sí àyè yẹn. Ẹ lo ó: ẹ ṣe àtẹ tó gba àpò tó pọ̀ ju ti ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gé ọjọ́ kíkan kù torí ẹ̀rọ yín ti yára báyìí. Rírin, kíkan, títẹ̀ àti díndín ló jọ ń lé oró tó ń jẹ́ sáyánáìdì jáde nínú ẹ̀gẹ́. Àdéhùn tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó máa fi omi tútù mu ún nìyẹn.

Nígbà tí àdéhùn bá fẹ́ yí padà

Ó máa yí padà lọ́jọ́ kan. Ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ ìwé tuntun, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí méjèèjì jọ wà títí ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn á fi bọ́ sórí tuntun. Nínú kọ̀ǹpútà bákan náà: bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ òṣìṣẹ́ kún ìlà, ẹ fi sí ìparí, lẹ́yìn ìwọ̀n, kí ètò tó ń ka mẹ́rin àkọ́kọ́ má baà ṣubú. Wẹ́dà, oníná àti ọmọ tó kọ ètò, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Bíárìn méjì, bẹ́líìtì méjì méjì fún irú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò, páànù ìrin kan, bóòtù M12 pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́jọ àti àwòṣe oníhò mẹ́rin yẹn, ẹ kó gbogbo wọn sínú àpótí kan tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹni tó ń ṣí ilé láàárọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.